Fìlà, Ìkòkò àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Ará Sípéènì

Bàbá mi kò fẹ́ràn ohunkóhun tí kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá ṣú. Olè ni, ó ní, tàbí ẹ̀fọn. Lọ́dún tí gbogbo ayé ń pariwo pé òmìnira ń bọ̀, ó fi sinimá kún wọn, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń wa mọ́tò sinimá ìjọba wá sí Erúnmu ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí, èmi náà sì ti ń wò ó padà. "Irú iṣẹ́ wo ni ọkùnrin gidi ń ṣe tí kò lè ṣe é lójú oòrùn?" Ohun tó máa ń bi mí nìyẹn nídìí ẹ̀kọ òwúrọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo dá òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Òun ni ọ̀gá ilé ìwé ìjọ ní ìlú wa, òun ló sì ń dúró fún àlùfáà ní ọjọ́ Ìsinmi tí àlùfáà kò bá lè wá láti Ìbàdàn. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan náà. Mo ní ọ̀gá nílé, mo ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo sì ni àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó ń bá bàbá mi jiyàn ní gbogbo agbègbè yẹn. Kì í ṣe pé ó burú o. Òun ló kọ́ gbogbo wọn ní ABD, ẹni tó bá sì ti nà ọ́ nídìí ABD, o ò lè bá a jiyàn mọ́ láéláé, bí irun orí rẹ tiẹ̀ funfun. Tó bá ní òjò máa rọ̀, àwọn àgbẹ̀ á sáré kó kòkó wọn nílẹ̀. Tí òjò ò bá wá rọ̀, wọ́n á ní òjò ló ṣìnà.

Ọkùnrin sinimá yìí, Sinimá náà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọmọ Akanran ni, àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló ká bàbá mi lára. Ìdajì ẹbí tiwa gan-an ló ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, a sì jọ máa ń jẹ ẹran iléyá ni. Òkùnkùn yẹn ṣáá ni. Akọ̀wé kóòtù kan wà ní Ìbàdàn tó ní kẹ̀kẹ́, tó ní rédíò, tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán bí ọmọlúàbí. Òun ni bàbá mi fẹ́ kí n fẹ́. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń jẹun, ó máa ń mí bí ẹni tó ń gun òkè! Bàbá mi ti sọ pé tó bá fi máa di Sátidé, òun á ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí akọ̀wé kí wọ́n wá tọrọ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mọ́tò sinimá dé.

Sinimá wá láti kọ́ wa ní ìbò. Ìbò ńlá ń bọ̀, tọkùnrin tobìnrin la sì máa dì í, ìjọba wá ń bẹ̀rù pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òótọ́ ni, a ò mọ̀ ọ́n. Ètò náà ni pé wọ́n á fi fíìmù ìdìbò hàn wá ní ìrọ̀lẹ́, tó bá di òwúrọ̀, a ó fi àpótí méjì dánra wò ní ilé ìwé. Bàbá mi ni ìjọba fi ṣe alága ìdánrawò náà, nítorí náà kò lè lé Sinimá lọ. Ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ ilé ìdáná.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, gbogbo ìlú ti gbé àpótí ìjókòó wọn wá sí pápá ilé ìwé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló jókòó níwájú pátápátá. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri, ó ní kì í ṣe ìwà kéèyàn máa wo àlejò lójú láìkí wọn. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Sinimá di gbohùngbohùn mú, ó ní, "Ẹ̀yin ará Erúnmu, èyí tí ẹ fẹ́ wò yìí ni bí a ṣe ń dìbò."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló jáde.

Sinimá wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo Sinimá. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó onírùngbọ̀n kan jáde, tó ń pariwo, èdè tó sì ń sọ kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì. Àṣé òyìnbó ará Sípéènì kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ló gbé fíìmù ìlú wọn wá sí ọ́fíìsì Sinimá pé kí wọ́n bá òun tún un ṣe, agolo fíìmù sì jọ agolo fíìmù. Fíìmù ìbò wà lórí tábìlì ní Ìbàdàn, àwọn ará Sípéènì wà ní Erúnmu.

Ẹni tó bá gbọ́n á pa ẹ̀rọ, á sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ará Erúnmu tó bá ti gbé àpótí ìjókòó jáde nílé, ẹ ò lè dá a padà láìrí nǹkan. Bàbá mi náà sì wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró de ibi tí Sinimá máa ti ṣìṣe. Sinimá wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Sípéènì!

Lára aṣọ, ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Onírùngbọ̀n dúró síwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lódìkejì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì wà láàárín wọn.

"Bàbá ọmọbìnrin yìí ló ń sọ̀rọ̀," Sinimá wí. "Ó ní òun ò gbà kí ọmọ òun fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí."

Háà! Gbogbo Erúnmu yíjú wò mí, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n tún padà wo aṣọ. Ìtìjú bá mi débi pé tí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé kí n sì ní kó padé.

Onírùngbọ̀n fọwọ́ lu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn pẹ̀ẹ́. "Ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun gan-an ní láárí ju ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ," ni Sinimá wí.

"Bàbá gidi nìyẹn!" Bàbá mi ló sọ ọ́, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wá la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń yẹ eyín rẹ̀ wò. Sinimá tún wúkọ́. "Ó ń... ó ń kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ará ilé àna òun, kò yẹ kí òun kọjá láìkí i." Àwọn obìnrin hó yèè. Ìyá àgbà fọwọ́ lu itan: "Ó mà kí ẹran ọ̀sìn pàápàá! Irú ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ báyìí! Ẹ fún un níyàwó o, ẹ̀yin ará Òkè Òkun!"

Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sọ gbólóhùn kan péré. Ohùn Sinimá yí padà. Ó ní, "Ó ní, Bàbá, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò dùn mọ́ yín nínú. Ṣùgbọ́n mi ò jalè rí, mi ò parọ́ fún ọmọ yín rí. Bí mo bá wà lókùnkùn, nítorí kí àwọn ẹlòmíràn lè ríran ni. Ọmọ yín ò ní febi sùn nílé mi." Lára aṣọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dákẹ́ tipẹ́, búrẹ́dì ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń jáde látinú gbohùngbohùn. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Èmi ń sunkún ní tèmi. Ìfẹ́ ọkùnrin yìí gbá mi mú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì tíì tú mi sílẹ̀ títí dòní.

Onírùngbọ̀n la ẹnu láti fèsì. Fìrì, aṣọ di funfun. Fíìmù tán. Ìyókù wà nínú agolo kejì ní Ìbàdàn.

Ariwo sọ! "Ṣé bàbá gbà?" "Àbí kò gbà?" Ọkùnrin kan ní òun ò ní kúrò níbẹ̀, pé òun fi iṣu sílẹ̀ lórí iná nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rò pé wọ́n á dojú mọ́tò dé. Sinimá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀. Ìjọba tiwa-n-tiwa ló ń bọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ bó ṣe máa parí. Lọ́la, a ó dìbò sí i."

Bàbá mi kò lè ní rárá. Ìdánrawò ni, ìjọba ló ní kó wáyé, òun sì ni alága.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sinimá ti to àpótí méjì sínú kíláàsì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya fìlà sára ọ̀kan: ẹni tó bá gbà pé bàbá jàre, kí ọmọbìnrin má fẹ́ ọkùnrin náà, fìlà ni kó ju ìwé sí. Ó ya ìkòkò sára èkejì: ẹni tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ lọ dáná nílé ọkọ tó fẹ́, ìkòkò ni tirẹ̀. Ó ta aṣọ ìkélé bo àpótí méjèèjì, aṣọ yẹn sì kúrú, kò délẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ará Sípéènì mọ́. Gbogbo wa la mọ ọmọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí.

Bàbá mi dìde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ó ní. "Ìlú kan, ohùn kan ni wá. Bàbá tó bí ọmọ ló mọ ibi tó yẹ ọmọ. Fìlà ni gbogbo wa máa dì fún. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Gbogbo wọn dáhùn pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ka ABD.

Inú mi bàjẹ́. Mo mọ̀ pé Sátidé ti dé bá mi, pé ìmí akọ̀wé ni n ó máa gbọ́ nídìí oúnjẹ títí ayé mi. Bàbá mi ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ, kó lè fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó jáde, ó tún fìlà orí rẹ̀ ṣe, ó jókòó, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu àgbo.

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e wọlé. A rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹsẹ̀ náà dúró pẹ́ẹ́, nítorí pé fìlà tí Sinimá yà gẹ̀ sí òsì gẹ́lẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń dé tirẹ̀. Ta ló fẹ́ kọjá níwájú fìlà bàbá mi láìkí i? Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Orí rẹ̀ yọ sí wa lábẹ́ aṣọ, ó rí wa, ó fa orí wọlé bí ìjàpá. A gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, sà." Lẹ́yìn náà ló wá dìbò.

Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn o. Àwọn ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ àpótí. Bàbá mi rí gbogbo rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Orí tó bá yọ lábẹ́ aṣọ, bàbá mi á mi orí tirẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rí i?" ó wí fún mi. "Ìlú ti sọ̀rọ̀." Kò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́ o, ó kàn fẹ́ kí n rí i pé òun jàre ni. Nígbà tó kàn mí, èmi náà kúnlẹ̀ fún fìlà. Kí ni ǹ bá ṣe? Bàbá mi ni. Mo kí i tán, mo dìde, mo ju ìwé mi sínú ìkòkò.

Ìyá àgbà ló gbẹ̀yìn gbogbo wa. Ó wọlé, ó kí ìkòkò, ó kí fìlà, ó ki fìlà ní oríkì ìdílé wa. Lẹ́yìn náà a gbọ́ tó ń mi nǹkan jìgìjìgì. Sinimá fẹ́ lọ wò ó, ó rántí pé àṣírí ni, ó padà. Ìyá àgbà jáde, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣe àánú.

Wọ́n gbé àpótí síta. Bàbá mi ní òun fúnra òun lòun máa tú ti fìlà. Ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Ìwé kan bọ́ sílẹ̀. Ó mì í. Ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó gbá a nídìí, bí ẹni ń gbá ìgò tí oyin kù sí. Kò sí nǹkan mọ́. Sinimá wá tú ti ìkòkò, ìwé sì dà wàrà bí àgbàdo tó já nínú àpò.

Gbogbo wọn gbójú sókè. Òrùlé di ohun àwòpadàwò. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà rẹ̀ ò lókùn. Èmi fẹ́ fò sókè, mo sì ń bẹ̀rù láti fò. Àánú bàbá mi tún ń ṣe mí.

Ẹ̀yin ẹ wo bàbá mi o. Ó nà ró ṣánṣán, ó mú ìwé kan ṣoṣo yẹn, ó gbé e sókè kí gbogbo ìlú rí i. "Kò burú," ó ní. "Ó kéré tán, ẹnì kan kù ní Erúnmu tó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi lẹni náà."

"Ìwọ kẹ̀?" Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀. "Ìwé mi nìyẹn o! Èmi ni mo fi síbẹ̀!"

Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́."

"Kí lẹ jọ̀wọ́? Mo gbé ti ìkòkò, ó wúwo. Mo gbé ti fìlà, mo mì í mì í mì í, kò dún rárá. Mo ní háà, irú ayé wo rèé! Wọ́n dé ilé, wọ́n fún ẹnì kan ní nǹkan, wọ́n wá fi ọwọ́ òfo kí ẹnì kejì! Ìkòkò lèmi náà fẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àánú ṣe mí. Mo bá fi tèmi ṣe é lálejò."

Ó gba gbogbo wa ní àkókò díẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kì í kánjú lórí ìṣirò, ṣùgbọ́n èyí kò le. Bí fìlà bá ṣófo nígbà tí Ìyá àgbà mì í, tó sì jẹ́ pé bàbá mi ló ti wọlé ṣáájú gbogbo èèyàn... Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń balẹ̀ sára bàbá mi. Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín já gbà á lọ́wọ́. Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó ń so bàtà.

Bàbá mi wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ohùn tó fi ń pe ilé ìwé sọ̀rọ̀: "Ìbò àṣírí ni! Ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni!" Ó dé fìlà rẹ̀, ó ń jáde lọ. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Sinimá, ó dúró, kò wò ó lójú. "Kí àwọn èèyàn rẹ wá ní Sátidé," ó ní. "Ọ̀sán gangan. Mi ò gba àlejò òkùnkùn."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá. Oòrùn pa wọ́n débi pé ìyá ọkọ mi fi ìbòrí rẹ̀ ṣe abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún sábẹ́ ìbòòji títí ọ̀rọ̀ fi parí.

Ọdún lọ, ọdún bọ̀. Èmi àti ọkọ mi kó lọ sí Ọlọ́runṣògo ní Ìbàdàn. Òmìnira dé, ìbò dé, ìjà ìbò náà tẹ̀ lé e, títí àwọn ṣójà fi ní ká lọ jókòó, ká má dìbò mọ́. Lásìkò ṣójà yẹn ni ará Sípéènì tó ni fíìmù wá kí wa nílé, nítorí òun àti ọkọ mi ti di ọ̀rẹ́. Bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni a sọ. Ọkọ mi fẹ́ máa túmọ̀ fún bàbá mi, bàbá mi ní òun gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, òun ò sì fẹ́ ògbufọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé.

A sọ ìtàn ìbò náà fún àlejò. Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi bọ́. "Ọmọ rẹ̀ kẹ̀?" ó ní. "Ìyàwó onírùngbọ̀n ni! Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wá ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni!"

Àṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni gbogbo Erúnmu fi ìbò tà! Láti ọjọ́ náà, tí èmi àti ọkọ mi bá jà, á ní kí n rọra, pé òun kò mọ̀ pé báyìí ni ọjà tí òun rà ṣe máa ń tàpá. Èmi á ní ṣebí òun ló la ẹnu mi wo eyín.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi àlejò pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń dìbò tiyín?"

"A kì í dì í, Bàbá," ni àlejò wí. "Ọ̀gágun kan ló wà nílé wa, ó ti darúgbó. Láti kékeré mi, òun nìkan ló ń pinnu fún gbogbo wa. Àwọn tó ń ṣe fíìmù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ohun tí wọn ò lè fẹnu sọ. Tí onírùngbọ̀n yẹn bá ti ń pariwo, gbogbo èèyàn inú sinimá á máa rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí."

Bàbá mi ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gágun yín," ó ní, "kó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ní òun nìkan, lẹ́ẹ̀kan péré."

Àlejò béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

"Mi ò mọ̀. Fìlà ni mo fẹ́ dì fún. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò mí. Mo wá rí i pé gbogbo ìlú ni mo ti bi, mi ò bi ọmọ mi." Ó yíjú sí mi, ó sì padà sí Yorùbá. "Ṣé ìkòkò lo fẹ́ lóòótọ́?"

Mo ti bímọ, ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé, ọkọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń dúró de ìdáhùn bí ẹni tí wọn kò tíì ka ìbò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, bàbá mi kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ rí.

Mo kúnlẹ̀. "Ìkòkò ni, Bàbá," mo ní.